Ṣé Kábíyèsí Ni Gbogbo Ẹni tí "Ọba" Bẹ̀rẹ̀ Orúkọ Oyè Rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ Iléṣà ni mí, Ilé-Ifẹ̀ ni mo sì ń gbé. Nígbà tí a ń ṣètò ìdúpẹ́ ọgọ́rin ọdún ìyá wa, mo kọ "Kábíyèsí Ọbańlá" sínú ìwé ìpè. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi gba bírò pupa, wọ́n fagi lé "Kábíyèsí", wọ́n kọ "Olóyè" sórí rẹ̀. Ṣé Ọbańlá kì í ṣe ọba ni? Báwo ni kí n sì ṣe kọ orúkọ Ọọ̀ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n bàbá yín ló jàre. Nínú ìlú Iléṣà, Ọwá Obòkun Àdìmúlà nìkan ni Kábíyèsí. Àgbà olóyè tí ń bá Ọwá tukọ̀ ìlú ni Ọbańlá àti Ọbaodò. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí níbi tí ẹ ń gbé yìí, nítorí pé olóyè ni Ọbalúfẹ̀, Ọbaláayè àti Ọbajíò, lábẹ́ Ọọ̀ni ni wọ́n sì wà. Odindi ni orúkọ oyè. A kì í gé "ọba" kúrò lára rẹ̀ kí a wá fi í ṣe ẹ̀rí. Ẹ tún wo Àjàláyé ti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà: kò sí "ọba" nínú orúkọ oyè náà, síbẹ̀ ọba aládé ni, Kábíyèsí sì ni à ń kí i.

Ohun tí ọ̀rọ̀ náà gan-an ń sọ ló fa ìṣọ́ra yìí. "Ká bi yín kò sí" ni àwọn àgbà ń túmọ̀ rẹ̀ sí, ìyẹn ni pé kò sí ẹni tí ó lè dúró bi ọba pé kí ló dé tí ó fi ṣe ohun tí ó ṣe. Olóyè, bó ti wù kí ó ga tó, ọba lè ránṣẹ́ pè é kí ó wá wí tẹnu rẹ̀. Tí a bá wá kí i ní Kábíyèsí, a ti gbé e kọjú sí olúwa rẹ̀, ìkíni tí a fi bọlá fún un á sì di ẹ̀sùn sí i lọ́rùn.

Ní ti Ọọ̀ni, ẹ kọ ọ́ báyìí: Kábíyèsí, Ọba Adéyẹyè Ẹnìtàn Ògúnwùsì, Ọ̀jájá Kejì, Ọọ̀ni Ifẹ̀. Ẹ má ṣe yọ "Ọ̀jájá Kejì" kúrò nítorí pé àyè kò tó. Orúkọ tí ọba fi ń jọba nìyẹn, "Kejì" sì ń sọ fún wa pé ẹnìkan ti jẹ́ ẹ rí lórí ìtẹ́ kan náà. Ọba Okùnadé Ṣíjúwadé tí ó jọba láti 1980 títí di 2015 jẹ́ Olúbùṣe Kejì, nítorí pé bàbá tí ó bí bàbá rẹ̀ ni Olúbùṣe Kìíní.

Ẹ óò rí Àdìmúlà nínú oríkì Ọọ̀ni àti nínú oyè Ọwá; kì í ṣe àṣìkọ. Obòkun ni ti Ọwá nìkan, láti ara Ajíbógun tí ìtàn Ìjẹ̀ṣà sọ pé ó bu omi òkun wá láti fi wo ojú Odùduwà sàn.

Kí ẹ tó gbé ìwé náà fún atẹ̀wé, ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé ààfin, nílé àti nífẹ̀ níhìn-ín, kí wọ́n bá yín wò ó.