Ìbéèrè Yín: Wọ́n fún mi ní ìrìn-àjò fọ́tò lọ sí Svalbard

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wọlé nínú ìdíje fọ́tò, ẹ̀bùn ẹ̀ ni kí n lọ ya fọ́tò ní Svalbard níparí oṣù kẹrin, mi ò gbọ́ orúkọ ibẹ̀ rí! Ṣé òtútù ò ní ba kámẹ́rà mi jẹ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire o, inú mi dùn gan-an! Àwọn erékùṣù Norway ni, lápá àríwá pátápátá. Ẹ tètè wo ọ̀rọ̀ físà o, torí Norway wà nínú Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan náà, àmọ́ Svalbard ò sí níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gba Norway lọ, tẹ́ ẹ sì gbà á bọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ wọ Schengen nìyẹn, torí náà tẹ́ ẹ bá máa gba físà, èyí tẹ́ ẹ lè fi wọlé lẹ́ẹ̀mejì ni kẹ́ ẹ gbà.

Kámẹ́rà ò ní bàjẹ́ tẹ́ ẹ bá tọ́jú ẹ̀. Bátìrì ló máa ń tètè kú nínú òtútù, ẹ kó méjì-mẹ́ta sápò inú kó sún mọ́ ara yín. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọlé, àtìta lẹ ti máa ti kámẹ́rà sínú ọ̀rá kẹ́ ẹ dì í pa, ẹ má ṣí i títí á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ omi á sẹ̀ sórí lẹ́ǹsì.

Oòrùn kì í wọ̀ níbẹ̀ lásìkò yẹn, torí náà ẹ jí lóru kẹ́ ẹ yà á, ìmọ́lẹ̀ ìgbà yẹn ló rẹwà jù.

Béárì funfun, ẹranko ńlá ibẹ̀ tó lè pa èèyàn, ńkọ́? Látọdún 2025, òfin ní kẹ́ ẹ jìnnà sí i tó mítà 300, ó sì di 500 láti oṣù kẹta sí oṣù kẹfà, ẹ yá lẹ́ǹsì gígùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jáde nílùú láìsí amọ̀nà tó gbébọn dání.