Ẹ bi dókítà ohun tó gbé ọmọ dé orí ẹ̀rọ

Ẹ kú ìrọ́jú, Ìyá Ọmọ. Ẹ ní ọ̀sẹ̀ 39 lẹ bí i, ọjọ́ kẹta rèé tí ẹ̀rọ ti ń bá a mí, ìyá ọkọ yín sì ń sọ pé ọmọ tó bá dé orí ẹ̀rọ, ọpọlọ rẹ̀ kì í pé mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 6 gbáko ni tèmi lò lórí ẹ̀rọ yẹn níbí ní Abẹ́òkúta. Ó ti pé ọdún 5, ó ti ń kàwé, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́.

Ọ̀sẹ̀ 41 ni mo bí i. Ó ti yàgbẹ́ sínú omi kó tó jáde, ó sì fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ọmọ tó pé oṣù tàbí tó pẹ́ nínú nirú èyí sábà máa ń ṣe. Ẹ̀rọ kì í wo àìsàn o, ó kàn ń bá ọmọ mí títí ara rẹ̀ yóò fi lè ṣe é fúnra rẹ̀ ni. Nítorí náà ẹ má ka ọjọ́. Ọjọ́ 2 péré lọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa lò, ṣùgbọ́n kò mí nígbà tí wọ́n bí i, gìrì sì mú un lọ́jọ́ náà gan-an. Nígbà tó pé ọdún 2, kò tíì lè dá jókòó. Ẹ bi dókítà: ṣé ìgbẹ́ ni, ṣé àkóràn ni, ṣé ọkàn rẹ̀ ló ní àlébù, àbí atẹ́gùn ni kò dé ọpọlọ? Ṣé gìrì mú un? Ibẹ̀ lẹ ó ti mọ ohun tí ẹ ó máa retí. N ò ní parọ́ fún yín, ọmọ méjì kú lójú wa lọ́sẹ̀ yẹn.

Ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ya mí ní wèrè ni pé n kò gbọ́ igbe rẹ̀. Ẹnu ń ṣí, omi ń bọ́ lójú mi, ohùn ò jáde lẹ́nu rẹ̀. Mo ṣe bí ó ti yadi ni. Nọ́ọ̀sì kan ló ṣàlàyé pé rọ́bà tí wọ́n kì bọ̀ ọ́ lọ́fun ló dí ọ̀nà ohùn. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́, igbe tó ké há gan-an, mo sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọjọ́ kejì ló pé ọjọ́ mẹ́jọ. Bàbá rẹ̀ sọ orúkọ sí i létí nínú wọ́ọ̀dù, kò sí oyin, kò sí obì.

Ẹ máa fún ọmú yín sínú ife, wọ́n á gba rọ́bà imú fún un.

Ẹ jọ̀ọ́, etí! Ọmọ tó pẹ́ lórí ẹ̀rọ, tí wọ́n tún ń gún ní abẹ́rẹ́ jẹntamáísìn, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, etí rẹ̀ lè má gbọ́ dáadáa mọ́. Ara ọmọ mi yá, mo bá pa ọjọ́ àyẹ̀wò jẹ, mo ní owó ọkọ̀ láti Lafẹ́nwá ti pọ̀ jù. Ó ti lé ní ọdún 2 kó tó hàn pé etí òsì ò gbọ́ dáadáa. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò kí ẹ tó kúrò, kí ẹ sì tún padà lọ kó tó pé ọdún 1, torí ó lè má hàn lákọ̀ọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohun tí dókítà bá sọ lọ́la.