Wẹ́bùsáìtì 17, kànga kan: fún ẹni tó ń tún àyọkà Benz 600 ṣe

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ mà. London ni mo wà, mo ń kọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń tún mọ́tò àtijọ́ ṣe. Mercedes-Benz 600 kan wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, mo wá lọ wo àyọkà ẹ̀ lórí Wikipedia, mo rí i pé ó kù díẹ̀ káàtó. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé agbára ẹṣin 300 ni ẹ́ńjìnì ẹ̀ ní, wọ́n yọ ọ́ kúrò kílẹ̀ tó mọ́. Mo dá a padà, wọ́n tún yọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ wẹ́bùsáìtì 17 ni mo ti rí i, ọwọ́ ara mi náà ni mo fi tú ẹ́ńjìnì yẹn. Mo tún fẹ́ kó orúkọ àwọn olówó tó gun mọ́tò yìí síbẹ̀. Ẹnìkan ní tí mo bá san £200, òun mọ àwọn ọ̀gá ibẹ̀, wọn ò ní yọ ọ̀rọ̀ mi mọ́. Ṣé kí n san án?

ÌDÁHÙN: Má san kọ́bọ̀, àbúrò mi. Kí n kọ́kọ́ gbé ìyẹn kúrò nílẹ̀ ná, torí ó ń bí mi nínú gan-an, ìwọ kọ́ sì ni ẹni àkọ́kọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí mo bá ń kọ́ àwọn èèyàn ní bí wọ́n ṣe ń ṣàtúnṣe sí Wikipedia ní láìbúrárì wa ni ẹnìkan máa ń fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí á ní "mà, wọ́n ní kí n san báyìí-báyìí." Kò sí ọ̀gá kankan níbẹ̀ tó lè gbowó ẹ kó wá fi ìṣó kan ọ̀rọ̀ ẹ mọ́ àyọkà. Àwọn alábòójútó wà lóòótọ́, wọ́n lè ti ojú ewé pa fúngbà díẹ̀, wọ́n lè dá ẹni tó ń jà dúró, àmọ́ iṣẹ́ tiwọn kọ́ ni láti dájọ́ pé 300 tó o kọ jẹ́ òótọ́ àbí kì í ṣe òótọ́. Lọ́dún 2015 àṣírí irú àwọn gbájúẹ̀ bẹ́ẹ̀ tú ní Wikipedia ti Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò àti àwọn olórin pé àwọn á bá wọn dáàbò bo àyọkà wọn, àkáǹtì 381 ni wọ́n tì pa lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Láti 2014 sì ni òfin ibẹ̀ ti sọ pé ẹni tó bá gbowó kó tó kọ nǹkan gbọ́dọ̀ kéde ẹ̀ ní gbangba, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sanwó fún un. Béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gba £200 yẹn bóyá ó máa kéde ẹ, kó o wo ohun tó máa sọ.

Ó yá, 300. O rò pé ńṣe ni wọ́n yọ ọ́ torí wọn ò gbà ẹ́ gbọ́, o sì ń wá bí wọn ò ṣe ní yọ ọ́ mọ́. Ohun tó yẹ kó o kọ́kọ́ bi ara ẹ ni pé 300 ti ibo? Ní 1963 tí Mercedes-Benz gbé 600 jáde níbi ìpàtẹ mọ́tò ní Frankfurt, bí àwọn ará Jámánì ṣe ń wọn agbára ẹ́ńjìnì ò rí bákan náà pẹ̀lú ti Amẹ́ríkà. Ti Jámánì, DIN ni wọ́n ń pè é, wọ́n á wọn ẹ́ńjìnì pẹ̀lú gbogbo ẹrù tó máa rù nínú mọ́tò, fáànù ẹ̀, alternator ẹ̀ tó ń pèsè iná, sàlẹ́ńsà ẹ̀. Ti Amẹ́ríkà nígbà yẹn, ìyẹn SAE gross, wọ́n á kọ́kọ́ bọ́ àwọn ẹrù yẹn kúrò lára ẹ́ńjìnì kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, nọ́ńbà á sì ga sí i. Ẹ́ńjìnì kan náà, V8 (onísílíńdà mẹ́jọ) onílítà 6.3 tí wọ́n ń pè ní M100, ló jẹ́ 250 PS (agbára ẹṣin bí Jámánì ṣe ń kà á) nílé tó sì di 300 hp (agbára ẹṣin bí Amẹ́ríkà ṣe ń kà á) nínú ìwé ìpolówó tí wọ́n tẹ̀ fún Amẹ́ríkà. Nǹkan bíi ọdún 1972 làwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó wá fi ìwọ̀n àtijọ́ yẹn sílẹ̀. Tún mọ̀ pé PS àti hp alára kì í ṣe ọ̀kan náà, 250 PS jẹ́ 247 hp, tó o bá fẹ́ kílówáàtì, 184. Nítorí náà o ò parọ́, àmọ́ o ò sọ̀rọ̀ náà tán, ẹni tó kà á á sì rò pé mọ́tò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ̀ ń sọ.

Ohun tó mú mi jókòó kọ èyí gan-an ni wẹ́bùsáìtì 17 ẹ.

Ọ̀pọ̀ yín lẹ rò pé bí ẹnu tó sọ nǹkan bá ti pọ̀ tó ni nǹkan náà ṣe jóòótọ́ tó. Tí aládùúgbò mẹ́ta tí wọ́n wà níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bá sọ pé àwọn rí èéfín, èéfín wà. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ọ̀kan ló rí i tí àwọn méjì tó kù gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀, ẹlẹ́rìí ẹyọ kan lo ní, kò sí bó o ṣe kà wọ́n tó. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú mọ́tò àtijọ́ yìí, ẹni tó fẹ́ ta Benz 600 ń wá ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó máa kọ sábẹ́ fótò, kò ní lọ tú ìwé ọdún 1964, Wikipedia ló máa ṣí, á dà á kọ, oníbulọ́ọ̀gù á da ti ẹni tó ń tajà kọ, ẹni tó ń ṣe fídíò á ka ti oníbulọ́ọ̀gù sókè, ẹlòmíì á tún kọ ohun tó gbọ́ nínú fídíò sílẹ̀, ó di 17. Kànga kan ni gbogbo wọn ti pọnmi. Tí ìwọ náà bá wá mú ọ̀kan nínú wọn padà sí Wikipedia pé orísun rèé, omi kànga lo dà padà sínú kànga tó o wá ń sọ pé òjò ló rọ̀.

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí, kì í ṣe èmi ni mo ń dẹ́rù bà ẹ́. Ní Jámánì, oṣù kejì ọdún 2009, wọ́n fẹ́ fi Karl-Theodor zu Guttenberg ṣe mínísítà ètò ọrọ̀ ajé. Ìdílé ọlọ́lá ló ti wá, orúkọ tó ń jẹ́ tò bí ìlẹ̀kẹ̀. Ẹnìkan wọ Wikipedia lálẹ́, ó ki "Wilhelm" bọ àárín orúkọ yẹn. Nígbà tí ilẹ̀ máa mọ́, ó ti wà nínú ìwé ìròyìn, Bild gbé e sójú ewé àkọ́kọ́, Spiegel Online náà kọ ọ́. Àwọn olóòtú Wikipedia wá ń bèèrè pé níbo ni wọ́n ti rí Wilhelm yìí, àwọn kan fèsì pé ẹ ò rí i ni, Spiegel Online kọ ọ́. Àwọn oníròyìn tó mọṣẹ́ ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ o, lórí orúkọ ẹni tó wà láàyè tí wọ́n lè fóònù. Ṣé ẹni tó ń ta mọ́tò ọdún 1967 ni kò ní ṣe é?

Báwo lo ṣe máa mọ̀? Ṣí àyọkà náà, tẹ ibi tí wọ́n kọ "Wo ìtàn" sí, kó o máa lọ sẹ́yìn títí o máa fi rí ọjọ́ tí nọ́ńbà yẹn kọ́kọ́ wọlé. Wá padà lọ wo ọjọ́ tó wà lórí àwọn 17 yẹn. Èyí tó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ọjọ́ yẹn ni wọ́n kọ ọ́, fura sí i. Mi ò sọ pé irọ́ ni, mo ní kó o fura. Tún wo àṣìṣe, torí ẹni tó ń dàwé kọ máa ń da àṣìṣe ibẹ̀ kọ pẹ̀lú. Lórí 600 yìí àṣìṣe kan wà tó wọ́pọ̀ gan-an, wọ́n á sọ pé ẹ́ńjìnì V12 ló ní. Kò ní V12 rárá. 600 SEL tó jáde ní 1991 ni wọ́n ń rò, èyí tí wọ́n ń pè ní W140, ìyẹn ló ní V12 onílítà 6. Àwọn kan á tún pe 300 SEL 6.3 ti ọdún 1968 mọ́ ọn torí pé M100 kan náà ló wà nínú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ mọ́tò ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ibikíbi tó o bá ti rí irú ìdàrúdàpọ̀ yẹn, pa á dé, má lò ó.

Àwọn tó ń bi kọ̀ǹpútà pé kó bá wọn wá orísun náà ńkọ́. Mo ti rí i tó fún ẹnìkan ní orúkọ ìwé, orúkọ òǹkọ̀wé, ojú ewé, gbogbo ẹ̀ pé pérépéré, a wá ìwé yẹn títí, kò sí ìwé tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ láyé. Ìwé tí ojú ẹ ò bá rí, má tọ́ka sí i.

Lórí pé ọwọ́ ẹ lo fi tú ẹ́ńjìnì náà, mo gbà pé o mọṣẹ́ ẹ. Àmọ́ mọ́tò kan ṣoṣo lo tú, tó ti lo ohun tó lé ní ogójì ọdún, tá ò mọ iye mẹkáníìkì tó ti fọwọ́ kàn án, agbára ẹ́ńjìnì pàápàá kì í ṣe ohun téèyàn ń fi spánà rí. Wikipedia ò sì gba ìwádìí tí èèyàn ṣe fúnra ẹ̀ tí kò tíì jáde níbì kankan. Òfin ibẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ìwọ nìkan ni wọ́n fi ṣe. Ibi tí ìmọ̀ ẹ ti wúlò ni pé ó máa jẹ́ kó o mọ ohun tó yẹ kó o wá. Bí àpẹẹrẹ, gíláàsì wíńdò, àga, ìdérí búùtù, mọ́tò yìí ò fi iná gbé wọn rárá, ọ́ìlì tí wọ́n fún ní agbára bíi bar 150 ló ń tì wọ́n, èyí sì ju ìlọ́po 60 afẹ́fẹ́ tó wà nínú táyà lọ. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n pariwo. Ẹni tó ti rí i lójú bíi tìẹ ló máa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn yẹ ní ìpínrọ̀ kan gbáko, kí wọ́n má kàn fi gbólóhùn kan kọjá lórí ẹ̀. Wá ìwé tó ṣàlàyé ẹ̀, kó o kọ ọ́ dáadáa.

Ìwé yẹn ò jìnnà sí ẹ, London lo kúkú wà. British Library máa ń fún èèyàn ní káàdì lọ́fẹ̀ẹ́, tètè wo ohun tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ èèyàn kó o tó lọ. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé mọ́tò tó wà ní Beaulieu ní láìbúrárì tiẹ̀. Béèrè fún Autocar, ìwé ìròyìn mọ́tò, ti àwọn ọdún 1960, èèyàn ló wà á nígbà yẹn tó sì kọ ohun tó rí. Mercedes-Benz alára ní àkójọ ìwé àtijọ́ tó ṣí sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lò ó fún nọ́ńbà, bí mọ́tò ṣe gùn tó, ọdún tí wọ́n ṣe é, iye tó jáde, ìyẹn 2,677 lápapọ̀ títí di 1981, tí 2,190 nínú wọn jẹ́ kúkúrú, 428 jẹ́ Pullman tó gùn, 59 sì jẹ́ Landaulet tí òrùlé ẹ̀yìn ẹ̀ ń ṣí. Má wá lò ó fún ìyìn o. Ẹni tó ṣe nǹkan ò ní bu nǹkan ẹ̀, nítorí náà tí wọ́n bá pè é ní mọ́tò tó dáa jù láyé, fi ìyẹn sílẹ̀ fún wọn.

Tó o bá ti rí ìwé náà, irú gbólóhùn tí kò sẹ́ni tó máa rídìí yọ ni: "Agbára ẹ́ńjìnì náà jẹ́ 250 PS nínú ìwọ̀n DIN, ìwé ìpolówó ti Amẹ́ríkà kọ 300 hp nínú ìwọ̀n SAE gross." Fi ìtọ́kasí kan sẹ́yìn 250, kó o fi òmíràn sẹ́yìn 300, orúkọ ìwé, ọdún, ojú ewé.

Àwọn olówó tó gùn ún, Elvis Presley gùn ún, John Lennon gùn ún, Tito tó ṣe olórí Yugoslavia gùn ún, Póòpù Paul Kẹfà ní Landaulet tiẹ̀. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti tó. Àyọkà mọ́tò ni, kì í ṣe ìwé àlejò ìgbéyàwó. Ẹni tó bá ṣì wà láàyè, má dárúkọ ẹ̀ láìsí orísun tó lágbára, wọ́n le gan-an lórí ìyẹn, ó sì yẹ kí wọ́n le.

Ohun tó o ní tí ẹlòmíì ò ní ni mọ́tò yẹn fúnra ẹ̀. Ya fótò pọ́ǹpù ọ́ìlì yẹn, ya abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ya ibi tí páìpù ti wọ inú ilẹ̀kùn, kó o gbé wọn sórí Wikimedia Commons, ibi tí Wikipedia ti ń mú fótò. Má mú fótò látorí Google, wọ́n á yọ ọ́. Àmọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ àti ẹni tó ni mọ́tò kó o tó gbé ohunkóhun síta, kó o sì bo nọ́ńbà mọ́tò náà. Mi ò kí ń ṣe lọ́yà, tí ọ̀rọ̀ àdéhùn bá wà láàárín ṣọ́ọ̀bù yín àti oníbàárà, àwọn ni kó o bi. Mọ̀ pẹ̀lú pé tó o bá ti fi fótò sílẹ̀ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni lè lò ó, kódà láti fi pawó, o ò sì lè gba àṣẹ yẹn padà. Tí ọ̀gá ẹ bá ní kó o fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù sínú àyọkà, sọ fún un pé kò ṣeé ṣe.

Ní báyìí, má dá 300 yẹn padà mọ́. Tó o bá lé ní ìgbà mẹ́ta láàárín wákàtí 24, wọ́n lè tì ẹ́ pa, àwọn tó ti rí i pé ò ń jà pàápàá lè má dúró de ìyẹn. Lọ sí ojú ewé ọ̀rọ̀ àyọkà náà, ibi tí àwọn olóòtú ti ń jíròrò, lálẹ́ yìí, kó o kí ẹni tó yọ ọ́, sọ fún un pé o ti wá mọ̀ pé ìwọ̀n méjì ló wà, pé ò ń lọ wá ìwé. Tó o bá rí ojú ewé Autocar yẹn, yà á fún mi kí n bá ẹ wo bó o ṣe kọ ìtọ́kasí ẹ̀.