Òkúta dúdú kì í fa oró ejò

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Ìdí àpáta ni ilé wa wà ní Ìdànrè. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, ejò á máa wọlé. A ti da kẹrosíìnì yí ilé ká, kò gbọ́. Ẹnì kan fẹ́ ta òkúta dúdú fún mi, ó ní ó ń fa oró ejò jáde. Ṣé kí n rà á nítorí àwọn ọmọ?

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ má rà á. Àwọn tó ń tà á ti mú mi bínú tó.

Egungun màlúù tí wọ́n sun dúdú ni òkúta yẹn. Ó ń fa omi, ìdí nìyẹn tó fi ń lẹ̀ mọ́ ojú egbò tí ẹ fi ń rò pé oró ló ń fà. Kí ẹ tó yọ ọ́ lápò, oró ti wọnú ẹran ara lọ.

Ẹ ó ní ó ṣáà wo ẹnì kan sàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ejò ń bu èèyàn bíi mílíọ̀nù 5.4 ṣán lọ́dọọdún, mílíọ̀nù 1.8 sí 2.7 ni oró ń wọ̀ lára. Ọ̀pọ̀ ejò ni kò lóró, olóró pàápàá a sì máa ṣán èèyàn láìtú oró sí i lára. Àwọn wọ̀nyẹn ì bá yè láìlo ohunkóhun, òkúta ló ń gba ọpẹ́ wọn. Ẹni tí paramọ́lẹ̀ ṣán tí oró wọ̀ ọ́ lára ńkọ́? Bó ṣe jókòó ti òkúta, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, tí ẹran ibẹ̀ ń kú.

Ní ọsibítù, a lè fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò tínńrín tó mọ́ tó sì gbẹ, ká gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 láìmì í. Bí a bá wá tẹ ìgò náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ẹ̀jẹ̀ náà ṣì ń ṣàn bí omi, oró ti bà á jẹ́ nìyẹn. Bó bá tiẹ̀ dì, a ó ṣì máa ṣọ́ aláìsàn. Abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò ni ìwòsàn rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ẹṣin ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀kan tí wọ́n ń lò ní Nàìjíríà, ara ẹlòmíràn kì í gbà á, nítorí náà kì í ṣe ohun tí ẹ máa gbà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì.

Bí ejò bá ṣán ọmọ, ẹ bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ àti bàtà, ẹ fi pákó di ẹsẹ̀ náà kó má mì, kí ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ má jẹ́ kó rìn. Ẹ má so okùn, ẹ má fi abẹ sín in, ẹ má sì lé ejò náà kiri.

Ti kẹrosíìnì, ẹ fi sílẹ̀. Eku ni ejò ń bá wá sílé yín. Ẹ kó igi ìdáná kúrò lára ògiri, ẹ bo àgbàdo, ẹ dí abẹ́ ilẹ̀kùn, kí àwọn ọmọ sùn sábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn tí ẹ ti tẹ̀ sábẹ́ ibùsùn. Ẹ má dáná sun igbó ìdí àpáta mọ́: ẹ̀ ń lé ejò kúrò níbùgbé rẹ̀ wá sínú ilé ni. Erè tí ẹ rí lókè, ẹ yà fún un, eku yín ló ń jẹ.

Owó òkúta yẹn, ẹ fi ra tọ́ọ̀ṣì àti bàtà rọ́bà. Lónìí, kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀, ẹ pe ọsibítù tó sún mọ́ yín, kí ẹ bi wọ́n bóyá abẹ́rẹ́ náà wà lọ́wọ́ wọn. Bí kò bá sí, ẹ bi wọ́n ibi tó wà.