Àpótí wà nílé, ilẹ̀ ni adìyẹ mi ń yé sí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ẹ̀gbẹ́dá níbí ni mò ń gbé. Mo ra adìyẹ 60 tó pé ọ̀sẹ̀ 17, orí èérún pákó ni mo ń sìn wọ́n, kì í ṣe kéèjì, àgò onírin. Ìgbà tí mo rí ẹyin àkọ́kọ́ ni mo ránṣẹ́ pe káfíńtà. Ó kan àpótí 6, ó gbé wọn kọ́ ara ògiri lókè. Láti ọ̀sẹ̀ méjì, abẹ́ dírínkà tí wọ́n fi ń mu omi àti kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n ń yé sí. Alẹ́ ni wọ́n tó ń wọ àpótí, oorun ni wọ́n sì ń lọ sùn níbẹ̀. Àwọn kan tiẹ̀ ti ń jẹ ẹyin. Àbúrò mi ní kí n kó gbogbo wọn sí kéèjì. Ṣé adìyẹ ṣeé kọ́ ni?

Ìdáhùn: Ó ṣeé kọ́, Mà, àmọ́ kì í ṣe bí ẹ ṣe ń kọ́ ọmọ ní á-bí-dí. Adìyẹ ò mọ ohun tí ẹ torí ẹ̀ kan àpótí. Tí ẹyin bá ti ń tì í, ibi tó ṣókùnkùn díẹ̀, tó parọ́rọ́, tí ilẹ̀ ibẹ̀ sì rọ̀ ló ń wá. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yín ní gbogbo ẹ̀. Àpótí tó wà lókè ní ojú ìmọ́lẹ̀ ò ní in.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àga wọlé tọ̀ wọ́n láàárọ̀ ọ̀la, bí aago méje ààbọ̀, kí ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ ó rí ọ̀kan tí ogbe rẹ̀ ti pọ́n bí ata rodo. Kò ní jẹun. Á máa lọ, á máa bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, á máa kùn nínú ọ̀fun, á na ọrùn wo abẹ́ nǹkan, á kúrò, á tún padà. Tó bá rí ibi tó wù ú, á fẹsẹ̀ ha ilẹ̀, á jókòó, á máa yí po títí èérún pákó á fi jìn bí àwo lábẹ́ àyà rẹ̀. Ó lè ṣe báyìí fún wákàtí kan kí ẹyin tó jáde. Ibi tó bá ti rọ̀ ọ́ lọ́rùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ibẹ̀ ni yóò fẹ́ padà sí lọ́la. Ìdí nìyẹn tí àpótí fi gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ kí ẹyin àkọ́kọ́ tó dé, bí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú, kí wọ́n ti máa wọ̀ ọ́, kí wọ́n máa jáde, kó má ṣàjèjì sí wọn. Tiyín pẹ́ dé. Èmi náà ṣe irú ẹ̀ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Oṣù kan ààbọ̀ ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ ṣa ẹyin nílẹ̀, ẹ̀yìn mi ò tíì gbàgbé.

Àpótí 6 ò tó adìyẹ 60. Adìyẹ 4 tàbí 5 ni mo máa ń fún ní ọ̀kan. Àwọn ará Yúróòpù tiẹ̀ fi í sínú òfin ní 1999 pé adìyẹ tí kò sí ní kéèjì kò gbọdọ̀ ju 7 lọ sí ìtẹ́ kan. Ẹ wá bí ẹ ó ṣe ní 12, ó kéré tán. Kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó 30 sẹ̀ǹtímítà, kó jìn tó bẹ́ẹ̀, kó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, kí pákó tó dábùú ẹnu rẹ̀ sì ga tó 10 sẹ̀ǹtímítà kí ẹyin má baà yí jábọ́. Tówó káfíńtà bá ti pọ̀ jù, agbọ̀n tòmátì tí ẹ bá rà ní Bódìjà, tí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, tí ẹ sì so mọ́lẹ̀ kó má yí, á ṣe é fúngbà díẹ̀. Ṣebí agbọ̀n làwọn ìyá wa ń lò. Kìkì pé iná adìyẹ, kòkòrò ara wọn, máa ń sá pamọ́ sáàárín híhun rẹ̀, adìyẹ kì í sì wọ ìtẹ́ tí iná bá wà. Ẹ má lò ó pẹ́.

Ọ̀rọ̀ oorun ńkọ́? Ibi tó bá ga jù nínú ilé ni adìyẹ ń sùn sí, àpótí yín ló sì ga jù. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó má ga ju 60 sẹ̀ǹtímítà sí ilẹ̀, kí ẹ wá kan igi oorun wọn sókè jù ú lọ. Ẹ kan igi kan síwájú ẹnu àpótí tí wọ́n á máa bà lé, kó dúró gbọn-in, torí ẹ̀yin náà mọ ọ̀rọ̀ adìyẹ tó bà lókùn. Bó bá ti di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ẹ fi páálí dí gbogbo ẹnu rẹ̀. Tí wọ́n bá ti sùn tán, ẹ ṣí i padà, nítorí àwọn kan ń yé kí ilẹ̀ tó mọ́. Adìyẹ tó bá sùn sínú ìtẹ́ á ṣu síbẹ̀, ẹyin ìdọ̀tí sì lẹ máa bá láàárọ̀.

Àpò kòkó tó ti gbó ni mo fẹ́ràn jù fún òkùnkùn: ẹ gé e ní ọ̀já-ọ̀já, kí ẹ fi kọ́ ẹnu àpótí, kó bo ìdajì. Kí ẹ sì tan gílóòbù sí kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn, tàbí kí ẹ to búlọ́ọ̀kù dí i. Ẹ gbé dírínkà sókè kó bá ẹ̀yìn adìyẹ dọ́gba, kí abẹ́ rẹ̀ má baà jọ ibi ìfarapamọ́. Èérún pákó ilẹ̀ kò gbọdọ̀ jìn ju ti inú àpótí lọ ní àkókò yìí.

Iṣẹ́ tó kù, ẹsẹ̀ yín ni. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ máa wọlé ní gbogbo wákàtí láti àárọ̀ kùtù títí di aago mọ́kànlá, torí àárọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ń yé. Ẹ ṣa ẹyin ilẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹyin kan nílẹ̀ ló ń pe èkejì. Tí ẹ bá bá èyí tó ti jókòó sí kọ̀rọ̀, ẹ rọra fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sínú àpótí, kí ẹ fi páálí bo ẹnu rẹ̀ fún bí ìdajì wákàtí. Ẹ má lé e o. Èyí tí ẹ bá lé á yé síbi tí ẹ ò ní rí.

Àwọn ìyá wa kì í kó ẹyin tán nínú ìtẹ́, ọgbọ́n sì nìyẹn. Àmọ́ ẹ má fi ẹyin gidi sílẹ̀ báyìí tí àwọn kan ti ń jẹ ẹ́. Kí káfíńtà gbẹ́ igi bí ẹyin fún yín, kí ẹ fi ọ̀kan sínú àpótí kọ̀ọ̀kan. Bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù náà á ṣe é. Èyí tó bá fẹ́ jẹ ẹ́ á sọ ọ́ títí ẹnu á fi ro ó. Ẹ tún wo oúnjẹ wọn: tó bá jẹ́ gírówà, oúnjẹ adìyẹ tó ṣì ń dàgbà, ni wọ́n ṣì ń jẹ, ẹ yí i sí léyà, oúnjẹ adìyẹ tó ń yé, lónìí, torí kálísíọ̀mù inú gírówà kò tó, èèpo ẹyin á fẹ́lẹ́, ẹyin tó fọ́ nílẹ̀ ló sì ń kọ́ wọn ní jíjẹ.

Ti kéèjì, òótọ́ ni àbúrò yín sọ pé ẹyin ilẹ̀ á tán. Ṣùgbọ́n fún adìyẹ 60, mi ò ní náwó yẹn. Tó bá fi máa pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, méjì tàbí mẹ́ta péré ló máa ṣẹ́kù tí kò ní gbọ́. Ẹ so òwú pupa mọ́ wọn lẹ́sẹ̀, àwọn ni kí ẹ kọ́kọ́ tà.

Ẹyin ilẹ̀ tí ẹ ń ṣa lójoojúmọ́, ẹ má kó o mọ́ èyí tí ẹ ń tà fún oníbàárà. Èyí tí kò sán nínú wọn, ẹ sè é jinná dáadáa nílé.