Káìtì tó ń pòòyì: ìjánu ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ṣé ọ̀rá ló dára jù fún káìtì ọmọ yín ni àbí ìwé ìròyìn, torí pé ó ń pòòyì, ó sì ń forí sọlẹ̀. Ọ̀rá ni, ìwé kì í pẹ́ ya. Àmọ́ pípòòyì yẹn, ojú mi rí nǹkan lórí ẹ̀ l'Óṣogbo níbí.

Olùkọ́ físíìsì kan ló ní kí n so ìrù mọ́ ọn. Mo so ó. Ó ní kó tún gùn sí i. Mo fà á gùn títí káìtì ò fi lè gbéra nílẹ̀ mọ́, ọ̀gá ṣì ń sọ gírámà. Kò tiẹ̀ wo ìjánu lẹ́ẹ̀kan, okùn tí a so mọ́ òkè àti ìsàlẹ̀ igi òòró, tí okùn ọwọ́ wá so mọ́. Ibẹ̀ ni wàhálà wà! Bí ojú ìso yẹn bá wálẹ̀ jù, káìtì á kọ àyà sí afẹ́fẹ́, á máa fà yín lọ́wọ́ burúkú, á sì máa pòòyì. Ẹ sún un sókè ní ìwọ̀n ìbú ìka kan, kí ẹ tún jù ú wò. Bó bá lọ sókè jù, á kàn máa gbọ̀n, kò ní lágbára. Torí náà, kókó tó ṣeé sún ni kí ẹ ta.

William Eddy, ará Amẹ́ríkà, ju káìtì tí kò nírù rárá láàárín ọdún 1890 sí 1899. Igi ìdábùú rẹ̀ gùn tó igi òòró, ó sì fi okùn fà á tẹ̀ sẹ́yìn bí ọrun. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀, ẹ fi ọparun tí ẹ là tín-ín-rín ṣe igi rẹ̀. Ọwọ́ ìgbálẹ̀ á dá. Ẹ so ìdábùú náà mọ́ igi òòró níbi ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ láti òkè. Ìyókù ò le.

Ẹ má jù ú ní Òkè-Fìà o, wáyà iná pọ̀ níbẹ̀. Bó bá há sórí wáyà, ẹ fi sílẹ̀ síbẹ̀. Ẹ má lo wáyà bàbà dípò okùn, ẹ má sì jẹ́ kí okùn dábùú títì, ọrùn ọlọ́kadà ló máa kàn. Bí òjò bá ń ṣú, ẹ ká a. Ìgbà ọyẹ́ gan-an ló dáa jù.

Kí ẹ tó wọ pápá ìṣeré èyíkéyìí, ẹ kí olùṣọ́ ibẹ̀ dáadáa. Èyí tó gba káìtì mi sọ pé mo fẹ́ fi ya fọ́tò ni, kò sì tíì dá a padà.