Ṣé Iyọ̀ Lè Dá "Iná" Iṣan Padà?

Ìbéèrè: Mo máa ń sáré láràárọ̀, pajápajá sì máa ń mú mi lẹ́sẹ̀ lóru. Ẹnì kan tí ó ń ta èròjà afúnnilókun sọ pé sódíọ̀mù, èròjà kan tí ó wà nínú iyọ̀, ni iná tí ó wà nínú iṣan, pé tèmi ti lọ sílẹ̀, kí n máa po iyọ̀ mọ́ omi mu. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Ọ̀rọ̀ "iná" yìí ti sú mi í gbọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a fi pajápajá sílẹ̀ ná.

Iná wà lára awọ tín-ín-rín tí ó bo sẹ́ẹ̀lì iṣan lóòótọ́: bí iṣan bá ń sinmi, inú sẹ́ẹ̀lì máa ń fi nǹkan bí 90 mílífóòtì (òṣùwọ̀n iná mànàmáná) rẹlẹ̀ sí ìta. Ṣùgbọ́n pòtáṣíọ̀mù, èròjà mìíràn nínú ara, ni olórí ohun tí ó fà á, nítorí pé ó pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì ju ìta lọ ní ìlọ́po tí ó ju ọgbọ̀n lọ, ó sì ń jò jáde láti ojú ihò tí ó ṣí sílẹ̀ fún un. Ihò ti sódíọ̀mù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé pátápátá ní àkókò ìsinmi yìí, nítorí náà bí sódíọ̀mù ìta tilẹ̀ pọ̀ sí i, iná ìsinmi kò ní fi bẹ́ẹ̀ yí padà.

Ìgbà tí iṣan bá gba àṣẹ láti sún kì ni iṣẹ́ sódíọ̀mù tó dé. Ihò rẹ̀ á ṣí, á ya wọlé, inú sẹ́ẹ̀lì á sì fò sókè kọjá òdo kí ó tó padà wálẹ̀. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Nastuk àti Hodgkin fi iṣan ọ̀pọ̀lọ́ hàn ní 1950 pé bí sódíọ̀mù ìta bá dín kù, ìfòsókè yìí náà á dín kù. Lẹ́yìn náà ni pọ́ǹpù ara awọ sẹ́ẹ̀lì, tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Jens Christian Skou ṣàwárí ní 1957, á máa kó sódíọ̀mù mẹ́ta jáde, tí á sì máa kó pòtáṣíọ̀mù méjì wọlé, kí ìyàtọ̀ inú àti ìta má baà parẹ́. Bí ẹ bá dá pọ́ǹpù náà dúró lójijì, mílífóòtì díẹ̀ péré ni ẹ ó pàdánù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀; ìyókù á máa rọra lọ bí pòtáṣíọ̀mù ti ń jò tán.

Kí ni iyọ̀ yóò wá fi kún un? Kíndìnrín àti òùngbẹ ni wọ́n ń ṣọ́ sódíọ̀mù ẹ̀jẹ̀, tí wọn kì í sì í jẹ́ kí ó yà kúrò láàárín 135 sí 145 mílímóòlù nínú lítà kan. Kódà, sódíọ̀mù tí ó bá ń wọlé ní àkókò tí kò yẹ ń sọ iṣan di aláìlágbára ni: àwọn kan wà tí wọ́n bí pẹ̀lú ihò sódíọ̀mù tí kì í pa dé dáadáa, iná ìsinmi iṣan wọn a sì máa sún mọ́ òdo, àwọn ihò sódíọ̀mù yòókù a há, wọn kò ní lè ṣí mọ́, ẹsẹ̀ a sì rọ fún wákàtí mélòó kan.

Èmi kò tíì yẹ̀ yín wò, nítorí náà n kò lè sọ ohun tí ó ń fa pajápajá yín. Lọ́pọ̀ ìgbà a kì í rí ìdí kan pàtó. Ẹ na ẹsẹ̀ náà, kí ẹ fa ọmọ ìka rẹ̀ sọ́dọ̀ ara yín nígbà tí ó bá mú yín. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ dán omi iyọ̀ wò rárá. Ẹ má sì ti orí iyọ̀ bọ́ sórí oògùn pòtáṣíọ̀mù, nítorí pé àpọ̀jù rẹ̀ lè dá ọkàn dúró. Bí ẹ bá ń lo oògùn tí ń mú ni tọ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ bá ń rọ, tí ọkàn sì ń lù kìkì, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà kíákíá.